Ẹ̀bẹ̀ Tí Elégbè Kò Gbè

"Ẹ tún un kọ," ni Injiníà tó ń gba orin sílẹ̀ wí láti ẹ̀yìn gíláàsì. "Orin yẹn bọ́ sójú ẹ̀ dáadáa, Àǹtí, àmọ́ ohùn yín ń bínú."

Elégbè tún ẹ̀rọ tó fi bo etí ṣe, ó sì sún mọ́ gbohùngbohùn. Ìlà kan péré ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀: "Mo ti dárí jì ọ́, máa bọ̀ nílé." Ó ti kọ ọ́ títí, ọ̀fun rẹ̀ ti ń gbẹ.

Bí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọkọ á kọ́kọ́ dá kọ tirẹ̀, á fi àlàfo sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó á wá gbè é, pẹ̀lú ohùn ọkọ létí rẹ̀. Ìlà tirẹ̀ nìkan ni ọkọ máa ń kọ́ ọ ṣáájú. Orin ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo àwo tuntun yìí: ẹ̀bẹ̀ ìfẹ́, ẹ̀bẹ̀ àforíjì. Inú elégbè sì ti ń dùn sí i, ó rò pé òun ni ọkọ òun ń bẹ. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀ nílé, á ní kí ni ẹsẹ̀ ọ̀hún ń wá níbẹ̀, òun ló wá ń kúnlẹ̀ nínú orin! Ó ti fọ́nnu fún àbúrò rẹ̀ pé ìwà ọkọ òun ti rọ̀ bí òwú.

Orin tó kẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ yìí, ló tú àṣírí. Obìnrin kan tó ń fi ọwọ́ òsì ránṣọ ni ọkọ rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, èyí tó fi sílẹ̀ lórí àga gbọọrọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni elégbè fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Oyún kankan kò sì bà jẹ́ lára rẹ̀ rí. Ó mọ aránṣọ ọlọ́wọ́ òsì náà: ìyàwó àkọ́fẹ́ tó ti kó jáde kí òun tó wọlé. Owú ta á bí ata ojú.

Ọkọ rẹ̀, tí àwọn èèyàn ń pè ní Olóhùn-Oyin, wọlé wá bi í pé kí ló dé. Ó ní àwọn tó máa ta àwo náà ti ń retí rẹ̀, orin lásán sì ni orin.

"Bàbá àwọn ọmọ," ni elégbè wí, "nígbà tí ẹ kò yọjú síbi ìsìnkú bàbá mi, ẹ̀bẹ̀ wo lẹ bẹ̀ mí?"

"Ìyẹn ti pẹ́."

"Ṣé ó pẹ́ tó ti ilé ìwòsàn ni?"

Injiníà mú aṣọ, ó ń nu bọ́tìnnì ẹ̀rọ rẹ̀ tí kò dọ̀tí.

Olóhùn-Oyin jókòó. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní òun kò padà sí ilé ìwòsàn náà lọ́jọ́ yẹn, òun kò sì wá obìnrin náà lọ rí lẹ́yìn tó kó jáde. Orin nìkan ni òun lè fi sọ ọ́. Bí elégbè bá ti lè gbè é, ọkàn òun á fúyẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn ún jù. Ẹ̀bẹ̀ tó tọ́ sí i ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n tún fẹ́ yá fún ìdáríjì.

"Èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀ níbẹ̀," ló wí. "Mi ò lè bá a dárí jì yín. Ẹ lọ bá a. Èyí tó bá sọ, ẹ wá kọ́ mi, màá gbè é bó ṣe sọ ọ́."

"Tó bá ní kí n máa bọ̀ nílé ńkọ́?"

Elégbè fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

"Ẹ jẹ́ kí n tètè mọ̀," ló wí. "Ó sàn ju kí n máa gbọ́ ọ lórí rédíò gbogbo ojúlé lọ."

Olóhùn-Oyin mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pè é padà. Ẹnikẹ́ni kò pè é. Nígbà tí ìró ọkọ̀ náà jìnnà, Injiníà ní bóyá kí àwọn ṣíwọ́.

"Ṣíwọ́ kẹ̀?" Elégbè fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tún fi ẹ̀rọ bo etí rẹ̀. "Gbé àwo náà sí mi létí láti orin àkọ́kọ́. Mo fẹ́ mọ ẹ̀bẹ̀ tó jẹ́ tèmi nínú wọn."