Ọkọ̀ Ológun Tó Wà Lẹ́yìnkùlé

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín sòótọ́," ni oníyanrìn wí, ó ń fọwọ́ gbá táyà ọkọ̀ náà. "Irú èyí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tọ́jú pa mọ́ sẹ́yìnkùlé. Ẹ tà á fún mi kí n máa fi kó yanrìn. Mo ń bọ̀ wá gbọ́ èsì lọ́la."

Ó lọ. Ìyàwó yíjú sí ọkọ rẹ̀ tó jókòó lẹ́bàá ògiri, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sùn sórí itan bí ẹrù ẹlòmíì tí wọ́n ní kó bá wọn tọ́jú.

Awakọ̀ ológun ni ọkùnrin yìí nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó lọ ra òkú ọkọ̀ kan tó jọ èyí tó máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Ẹyẹ ti ń pa ọmọ nínú ilé ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ó gé irin tó ti dógùn-ún, ó jó tuntun mọ́ ọn, ó to pákó sílẹ̀ rẹ̀, ó sì kùn ún láwọ̀ ewé. Orogún mi ni ìyàwó ń pè é. "Ẹ lọ kí orogún mi ná kẹ́ ẹ tó wá jẹun," ló máa ń wí. Ẹ́ńjìnì ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn ni ẹ̀gbà kọ lu ọkùnrin náà. Ọkọ̀ kò tíì jáde ní géètì rí.

"Bàbá wọn, kí lẹ wí sí i?"

"Kí ni n ó wí?" Ahọ́n rẹ̀ ti wúwo látìgbà àìsàn náà. "Ẹsẹ̀ tí n bá fi tẹná ti kú. Kó máa gbé e lọ." Ó bojú wo ọkọ̀ náà. "Ṣùgbọ́n ó wù mí kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ bó bá ń gun òkè. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ìyàwó wọlé. Nígbà tó jáde, ó ti wọ bàtà, ó sì ti so gèlè rẹ̀ le. Bọ́ọ̀sì iléèwé ló ń wà jẹun títí tó fi darúgbó.

"Ẹ dìde."

"Ìwọ yìí? Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé o!"

"Kò lè lágídí ju ọmọ iléèwé lọ."

Aládùúgbò wọn kan bá a gbé bàbá sókè sórí ìjókòó tó wà lápá ọ̀tún awakọ̀. Ìyàwó ṣáná sí i, gbogbo ilé gbọ̀n. Sítíárìn náà le. Ó ń fà á bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ relé. Nígbà tó máa yí gíà, irin ha irin.

"Yéè! O fẹ́ pa á ni?" Ọkọ na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó gbá gíà mú. "Tẹ kílọ́ọ̀ṣì nìkan. Èmi á máa yí i."

Wọ́n jà díẹ̀. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ fẹ́nì kejì mọ́. Ìyàwó ń tẹ̀, ọkọ ń yí. Wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, ohùn ẹ́ńjìnì sì ki, ó ń bú ramúramù láti ìsàlẹ̀ ikùn.

"Nígbà iṣẹ́ ológun, táwa awakọ̀ bá tò tẹ̀ lé ara wa gun òkè," ni ọkọ wí, "n kì í wẹ̀yìn. Mo mọ ohùn ọkọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí ohùn ọ̀kan bá yí padà, màá mọ̀." Ó ń tẹ́tí sẹ́yìn. "Gbogbo wọn ti lọ tán."

Omi dà lójú rẹ̀. Kò nù ún. Ọwọ́ tí ì bá fi nù ún wà lórí gíà.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Sọ fún oníyanrìn kó wá gbé e. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́, mo ti gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́."

Wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń yà sí àdúgbò wọn. Ìyàwó kò yà.

"O ti kọjá ilé."

"Mo mọ̀," ni ìyàwó wí, ojú rẹ̀ ń wo ọ̀nà. "Ẹ yí gíà."