Ilé Màámi Kò Sí Lórí Máàpù

Ẹ jẹ́ kí n sọ àlá tí Ìbídùn lá lọ́sàn-án àná. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Ìbídùn ń ṣe. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tó fi ń wá ibi tí èèyàn ń gbé: bó bá ti kọ àdírẹ́sì sí i, yóò tọ́ka ilé náà lórí máàpù. Ìdí iṣẹ́ yìí ló wà tí oorun fi gbé e lọ.

Lójú àlá, ó kọ àdírẹ́sì ìyá rẹ̀ sí i. Kọ̀ǹpútà wúkọ́, ó ní, "Kò sí irú ibẹ̀."

"Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí."

"Kò sí mọ́ nìyẹn."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni fóònù dún. Ìyá rẹ̀ ni. "Ìbídùn ọmọ mi, mo jáde lọ sá aṣọ. Mo yíjú padà, mi ò rí ilé mọ́. Koríko ni mo rí."

Kò ya Ìbídùn lẹ́nu. Ó gun àkàbà lọ sí ọ́fíìsì àdírẹ́sì tó ń léfòó lójú ọ̀run, tí wọ́n fi okùn so mọ́ òpó iná. Ó bá ọ̀gá ibẹ̀ tó ń jẹ pátákó orúkọ àdúgbò. Ìwo ti ń yọ lórí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ Òkè-Ọlá. Àdúgbò Màámi ni."

"Mo ti gbé e mì." Ọ̀gá ké mẹ̀ẹ́ẹ̀. Kó tó ké ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ti di ewúrẹ́ pátápátá, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìbídùn padà lọ bẹ kọ̀ǹpútà: "Ilé tó kọjú sí igi ìyeyè ni."

"Ta ló ń béèrè?"

Ó kọ orúkọ ara rẹ̀.

"Kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ìka ti ń parẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lọgun, igbe ara rẹ̀ ló sì jí i.

Kíá ló pe ìyá rẹ̀. "Màámi, ṣé inú ilé lẹ wà?"

"Inú ilé ni. Kí ló dé? Ó tiẹ̀ dáa tó o pè. Àwọn ọkùnrin kan tó dé akoto ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri wa."

"Kí ni wọ́n kọ?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n kà. Ó jọ igi méjì tó dábùú ara wọn. Wọ́n ní kí n má nù ún."

Ìbídùn mọ àmì náà. Ilé tí ìjọba bá fẹ́ wó ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ó kàn bi ìyá rẹ̀ léèrè bóyá ó ti jẹun.