Igun Tí Nẹ́tíwọọ̀kì Ń Bà Lé

…kò sì tíì dún. Ìlà méjì ló wà lójú fóònù. Ìlà kan. Méjì. Mi ò gbọ́dọ̀ mira. Bí mo bá sún ẹsẹ̀ kan péré, nẹ́tíwọọ̀kì á fò lọ bí ẹyẹ tó bà sórí okùn aṣọ. Ní gbogbo àdúgbò wa ní Mówè, igun kan ṣoṣo yìí ló máa ń bà lé, lórí dẹ́kìn ilé tí Bàbá Ọláwuyì ò tíì kọ́ parí.

Ọyẹ́ ti fi aṣọ funfun bo òrùn. Lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀, òpó nẹ́tíwọọ̀kì dúró, iná pupa orí rẹ̀ ń ṣẹ́jú… Àwọn tó ń fi mọ́tò sáré kọjá lọ sí Ìbàdàn ń rí i lò. Àwa tá à ń gbé ibí ńkọ́? Ṣé owó tá a fi ń ra káàdì kì í ṣe owó ni?

Èèyàn méjìlélọ́gọ́ta ló fọwọ́ sí lẹ́tà tí mo kọ sí ilé-iṣẹ́ wọn pé kí wọ́n ri òpó kan fún àwa náà. "Mínísítà wa ti ń gòkè o!" Gbémiga aládùúgbò wa ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ́sàn-án. "Tó o bá rí Ọlọ́run lókè yẹn, bá mi kí i o!" Kó máa rẹ́rìn-ín. Lónìí ni ọ̀gá obìnrin ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì máa pè mí. Ó sọ ọ́ ní ọ́fíìsì wọn l'Ékòó: "Kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí mi ò bá rí ẹ bá sọ̀rọ̀, fáìlì yín á padà sísàlẹ̀ o."

Fóònù á dún. Màá ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà." Òpó tiwa á hù láti inú koríko ẹ̀yìn mọ́sáláṣí, tẹ́ẹ́rẹ́, á máa ga, á máa ga… ohùn èèyàn á máa sẹ̀ sórí páànù gbogbo ilé bí ìrì, ilé olówó, ilé—

Màmá Hàfísátù aládùúgbò wa húkọ́ lẹ́yìn mi.

Wọ́n ṣì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lórí dẹ́kìn níbí. Àtìgbà tí wọ́n ti kírun Aláásárì tán ni. Káàdì tí wọ́n rà wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò tíì họ ọ́. Àná ni wọ́n gba Qudrah ọmọ wọn sí ọsibítù n'Ílọrin, oyún rẹ̀ ti pé. Màmá ò ní fóònù. Tèmi yìí ni wọ́n fẹ́ fi pè é. "Akóredé ọmọ mi, ohùn ẹ̀ lásán ni mo fẹ́ gbọ́. Mi ò ní pẹ́."

Ṣùgbọ́n tá a bá ń pè lọ́wọ́, tí ọ̀gá wá pè… láìnì á ti dí. Èèyàn méjìlélọ́gọ́ta. Èèyàn kan. Ṣé ìyẹn tún le? Màmá náà kúkú tẹ̀ka sí lẹ́tà yẹn. Mo sì dá wọn lóhùn jẹ́jẹ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ní, "Ẹ ní sùúrù, Màmá, ọ̀rọ̀ gbogbo àdúgbò ni."

Ẹ ní sùúrù…

Níbo ni mo ti gbọ́ ọ… Ọ́fíìsì yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ. Atẹ́gùn tútù, àga rírọ̀. "Ẹ ní sùúrù, a ò lè tìtorí àdúgbò kan…" Jẹ́jẹ́ ni wọ́n sọ ìyẹn náà. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Díẹ̀ ló kù kí n sunkún nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà.

Ohùn mi nìyẹn. Lórí dẹ́kìn yìí, èmi ni mo ni òpó.

Ìlà méjì. Kò tíì dún. Iná pupa ń ṣẹ́jú, ilẹ̀ ń ṣú lọ.

"Màmá, ẹ họ káàdì yẹn. Ẹ wá dúró síbi tí mo dúró sí."