Omi Tí Bachirou Kò Fẹ́ Mu

Bachirou, àgbẹ̀ oníṣu ní Goro, kì í bẹ̀rù ejò, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kámẹ́rà tí dókítà ní Parakou fẹ́ tì bọ inú àpò ìtọ̀ rẹ̀ bà á. Ìgbà tí wọ́n ń kọ ebè ló ti ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ó fi pamọ́ títí ìyàwó rẹ̀, Awaou, fi rí ṣòkòtò rẹ̀ níbi ìfọṣọ.

Nígbà tó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn ilé ìwòsàn ní Parakou, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lábẹ́ ètè. Awaou ń kì í láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: “Àjàní, ọmọ ebè gíga tí àgbàrá ò lè wó. A-kọ-ebè-títí-oòrùn-fi-bẹ̀-ẹ́-kó-sinmi.”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ jẹ́ kí ara yín dẹ̀, ẹ sinmi bí oòrùn ṣe bẹ̀ yín. Oògùn tí mo fi síbẹ̀ á jẹ́ kí ibẹ̀ kú tí kò fi ní dùn yín. Á kàn ṣe yín bí ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n.”

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Àdúrà tó ń gbà lábẹ́ ètè kò tíì jìnnà tí wọ́n fi fa okùn tín-ín-rín tí kámẹ́rà náà wà lẹ́nu rẹ̀ jáde. Dókítà ní kòkòrò inú odò ló dápàá síbẹ̀, oògùn rẹ̀ sì wà.

“Ó máa ta yín bí ẹ bá ń tọ̀,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè hàn lónìí àti lọ́la. Ẹ máa mu omi dáadáa. Bí ibà bá dé, tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì, tàbí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, ẹ tètè padà wá.”

Nígbà tó délé, ìtọ̀ ta á bí ata tútù, ó sì kán sí ṣòkòtò rẹ̀. Àlùwàlá bàjẹ́. Bachirou bá pinnu: bí òun ò bá mu omi, òun ò ní tọ̀, bí òun ò bá tọ̀, ìrun òun á mọ́. Nígbà tí ìrun àsárì fi tó, ìtọ̀ rẹ̀ ti pọ́n bí omi ìṣápá, ètè rẹ̀ sì ti gbẹ.

Awaou bá a lórí ẹní, tó di ìsàlẹ̀ ikùn mú.

“Bàbá Faïzath, ẹ ò tíì mu nǹkan kan?”

“Ìrun mi ńkọ́?”

“Omi là ń bù wẹ̀, omi là ń bù mu. Ọlọ́run tó fún wa ní ti àlùwàlá ló fún wa ní ti ọ̀fun.”

“O tún ń fi òwe lù mí.”

“Bí òwe ò bá tó, igbá ń bẹ lọ́wọ́ mi.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba igbá náà, ó mu ún tán, ó sì tún gba òmíràn. Kí wọ́n tó pe ìrun mọ̀ńgàrúbà, ó ti jáde lọ sẹ́yìn ilé. Ó ṣì ń ta á, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wá láti ibẹ̀ pẹ̀lẹ́: “Awaou, ó ti ń mọ́.”

Nígbà tó wọlé, omi àlùwàlá ti wà nílẹ̀ dè é, igbá omi mímu sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ẹ kọ́kọ́ mu,” ni Awaou wí.