Ọwọ́ Ọ̀tún Kóòṣì

Ẹ̀yin ará, mo kí yín tilé-tọ̀nà. Mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó fún wa ní ọwọ́ méjì, tí a fi ń gbé oúnjẹ sẹ́nu láì tilẹ̀ rò ó. Ìtàn obìnrin kan ni mo fẹ́ sọ, ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ tètè dé, tí òye rẹ̀ sì pẹ́ kó tó bá a.

Aránṣọ ni obìnrin náà. Ọkọ rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré sísá ní pápá ìṣeré, Kóòṣì sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tí ó ti ń wọ bàtà, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ó sì mú un ní apá ọ̀tún. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà là lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kọ̀ jálẹ̀. Kóòṣì kò sì gbà láti fi òsì jẹun. Ó ní òun kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kékeré, òun kò ní í fi àgbà kọ́ ọ.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ìyẹn ò le. Ṣebí èmi wà ńbí."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, ó ń bá a de bọ́tìnnì, ó ń bá a fọ eyín, ó ń bá a ya irun. Ọwọ́ ọ̀tún náà wà lórí ìrọ̀rí bí àlejò pàtàkì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Gbogbo ìjọ ń fi obìnrin yìí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọge. Àní ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tí ìyìn ṣọ̀wọ́n lẹ́nu rẹ̀ bí òjò inú ọ̀gbẹlẹ̀, sọ níṣojú ẹbí pé, "Ìyàwó wa yìí, Ọlọ́run ló fi ta wá lọ́rẹ."

Nítorí pé ó fẹ́ mọ ìtọ́jú náà ṣe sí i ni aránṣọ fi lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn àti arúgbó. Àwọn tó lè bí lọ́mọ ló kún inú kíláàsì. Nọ́ọ̀sì kan ló ń kọ́ wọn, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ tutù. Ó tẹ́ ère ènìyàn kan tí wọ́n fi ike ṣe sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé apá rẹ̀ sókè.

"Apá tí àrùn yìí bá mú, ẹ má gbé e sílẹ̀ bí ẹrù. Ọpọlọ ló ń rán ọwọ́ níṣẹ́. Tí kò bá rí i rán mọ́, yóò gbàgbé pé òun ní ọmọ níbẹ̀. Àwọn oṣù àkọ́kọ́ ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn gbìyànjú, kódà kó da oúnjẹ sára. Ẹni tó bá ń ṣe gbogbo nǹkan fún un, okùn ló fi ń so ọwọ́ náà mọ́lẹ̀."

"Mo mọ irú wọn!" ni ọmọbìnrin kan wí lẹ́yìn. "Àwọn ìyàwó 'ẹ fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ n bá yín ṣe é'!"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n eyín lásán ni, inú rẹ̀ ti dà bí ilé tí wọ́n kó ẹrù kúrò nínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n túká, ó dúró. "Nọ́ọ̀sì, bí àwọn oṣù àkọ́kọ́ yẹn bá ti kọjá ńkọ́?"

"Ó ṣì yẹ kó gbìyànjú, mà. Ọwọ́ lè padà díẹ̀. Ó sì lè má padà."

"Èwo nínú méjèèjì?"

"Mi ò mọ̀, mà. Kò sẹ́ni tó mọ̀." Ó wo ojú rẹ̀, ó sì rọ ohùn. "Ẹ má fipá mú un o. Tí ọkàn rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, ara ò ní tẹ̀lé e."

Nígbà tó délé, ó gbé ìrẹsì síwájú ọkọ rẹ̀, ó fi ṣíbí sí i lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì ká àwọn ìka mọ́ ọn. Ṣíbí já bọ́.

"Ẹ tún un ṣe, ẹ jọ̀ọ́."

Kóòṣì wò ó. "Ṣé ilé ìwé ti sọ ẹ́ di ọ̀gá mi ni?"

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ máa ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ yín ní pápá pé ẹsẹ̀ tó bá ń sinmi jù, eré á sá fún un?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú. "Nítorí mo mọ̀ pé wọ́n lè sáré ni mo ṣe ń pariwo. Ìwọ, ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ yìí lè gbé ṣíbí?"

Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ purọ́. Ó wá irọ́ náà títí, kò rí i. "Mi ò mọ̀."

"Ó dáa. Fún mi lóúnjẹ."

Kò fún un. Ó tún ká ìka mọ́ ṣíbí, lọ́jọ́ náà àti lọ́jọ́ kejì, ìrẹsì ń dà sí Kóòṣì láyà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé láìròtẹ́lẹ̀, tó rí oúnjẹ láyà àbúrò rẹ̀.

"Ìyàwó! Kí ni mò ń wò yìí? Àbí ó ti sú ẹ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kọ́ wa pé..."

"Pé kẹ́ ẹ febi pa ọkọ yín? Irú ẹ̀kọ́ wo nìyẹn? Sún fún mi jàre!"

Ó fọ ọwọ́, ó fa àga, ó gba ṣíbí. "Ó yá, àbúrò mi, lanu." Kóòṣì la ẹnu. Kò wo ojú ìyàwó rẹ̀.

Aránṣọ náà dúró. Bó bá gba ṣíbí, ipá nìyẹn. Bó bá fi í sílẹ̀, okùn nìyẹn. Ó fẹ́ gbàdúrà, ṣùgbọ́n "Olúwa" nìkan ló jáde, ìyókù kò tẹ̀lé e. Ó wá lọ jókòó sí apá kejì, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún náà sórí itan rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á tún ká.

"Fi ọwọ́ yẹn lọ́rùn sílẹ̀, jẹ́ kó jẹun."

Kò fi í sílẹ̀. Kóòṣì kò fa ọwọ́ náà kúrò. Kò sì ràn án lọ́wọ́. Ó ń jẹun, ìyàwó rẹ̀ ń na ìka, ìka ń ká.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí Olúwa má jẹ́ kí oore yín ṣe ẹni tí ẹ fẹ́ràn léṣe. Kí òye tètè mọ ọ̀nà ilé yín. Bó bá sì pẹ́ dé, kí Olùtùnú jókòó tì yín níbi tí apá yín kò ká a mọ́. Àmín.