Èyí Tó Máa Ń Kọ́kọ́ Ṣí

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ àtúnṣe fóònù àti kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Kì í pariwo, kì í bú èèyàn, tó bá sì ń bá ọ sọ̀rọ̀, àfi kó o súnmọ́ ọn kó o tó gbọ́. "Ìyàwó ẹ mà ń gbádùn o!" làwọn obìnrin máa ń sọ. Háà! Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ èyí tó ń bá gbélé.

Aránṣọ ni ìyàwó náà, inú pálọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Jẹ́jẹ́ ò fọwọ́ kàn án rí o, ká má parọ́ mọ́ ọkùnrin. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìyàwó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìsọ fún un, nígbà tó máa dé, Jẹ́jẹ́ ti tú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ palẹ̀, ó to gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ sórí tábìlì, ó jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo kàn ń bá ẹ tún un ṣe ni." Kékeré, ọmọ wọn obìnrin, dúró sí kọ̀rọ̀, kò lè sunkún. Ọjọ́ yẹn ni ìyá rẹ̀ ti pinnu pé òun á gbé ọmọ òun kúrò nílé yẹn.

Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ ló ra kọ̀ǹpútà fún ìyàwó, kó lè máa fi wo sítáì. Bíráúsà búlúù kan ló wà nínú rẹ̀ tó fi ń wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àṣé orúkọ ara rẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ fi wọlé síbẹ̀. Ohunkóhun tí obìnrin yìí bá ṣí, á yọ lórí fóònù ọkọ rẹ̀. Kò mọ̀, àfi ìgbà tí wọ́n ń jẹun, tí Jẹ́jẹ́ rọra bi í pé:

"Iléèwé tó ò ń wò fún Kékeré nílùú ẹ̀gbọ́n ẹ, ṣé ó dáa?"

Kò tíì sọ fún ẹnì kankan! Orí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló ti wò ó.

Fóònù oníbàárà kan ló yá tó fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì.

"Wá bíráúsà míì fi síbẹ̀," ẹ̀gbọ́n wí. "Àmọ́ gbọ́ o. Tó o bá tẹ líńkì nínú ímeèlì, kọ̀ǹpútà ò ní bi ẹ́ léèrè. Èyí tí wọ́n bá ti yàn fún un ló máa fi ṣí i. Wọ inú sẹ́tíǹsì, kó o yí i padà."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó fi bíráúsà pupa kan síbẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀ síbi tójú ò tó, ó sì yí sẹ́tíǹsì padà. Látìgbà náà, líńkì tó bá tẹ̀, pupa ló ń ṣí i. Ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀ díẹ̀. Àdéhùn wọn ni pé ẹ̀gbọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, á sì fi líńkì rẹ̀ ránṣẹ́ bí ẹni pé oníbàárà ló ń fi sítáì ránṣẹ́. Jẹ́jẹ́ kì í wo ímeèlì tí ìyàwó fi ń gbaṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọrùn aṣọ àti apá aṣọ ló kún ibẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìrìn ku ọ̀la, Jẹ́jẹ́ yọ wálé lọ́sàn-án, ohun tí kì í ṣe. Ìyàwó ń wọn oníbàárà lọ́wọ́. Ọkọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó dìde.

"Ó ń falẹ̀ ni. Mo ti bá ẹ tún un ṣe."

"Ẹ ṣeun, Bàbá Kékeré."

Ara fu ú. Nígbà tí ọkọ lọ tán, ó sáré wò ó: pupa wà níbi tó tọ́jú rẹ̀ sí, ímeèlì ò yingin. Kò wo sẹ́tíǹsì. Ta ló máa rántí? Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ máa ń wò ó?

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ímeèlì wọlé: "Ẹ̀yin aránṣọ, sítáì yẹn rèé o." Ṣé ẹ mọ ọwọ́ aránṣọ, bí oníbàárà bá ti fi sítáì ránṣẹ́, ẹsẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀rọ ni ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́. Ayọ̀ ìrìn ọ̀la tún wà ńbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.

Búlúù ló ṣí.

Tíkẹ́ẹ̀tì hàn gbangba gbàǹgbà: orúkọ rẹ̀, orúkọ Kékeré, ìlú tí wọ́n ń lọ, àárọ̀ ọ̀la. Ó pa á dé, ó ń wá bó ṣe máa pa á rẹ́, àfi ìgbà tó rántí pé ohun tó ti dé orí fóònù ẹlòmíì, o ò lè pajú rẹ̀ dé. Yéè, mo gbé! Ó já báàgì, ó sá jáde, iléèwé Kékeré ló forí lé.

Kò tíì dé géètì tí fóònù rẹ̀ fi dún.

"Ìyá Kékeré."

"Ẹ̀n, Bàbá Kékeré."

Ó ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ iléèwé lẹ́yìn ohùn ọkọ rẹ̀, ó tún gbọ́ tí ilẹ̀kùn mọ́tò padé.

"Má wulẹ̀ lọ gbé Kékeré. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí." Ohùn yẹn kéré débi pé ó ní láti ti fóònù mọ́ etí. "Ó ń bi mí pé níbo là ń lọ. Mo ní ká kọ́kọ́ gbéra ná."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un lọ! Mo bẹ̀ yín!"

Fóònù já. Ó pè é padà. Jẹ́jẹ́ ti pa fóònù rẹ̀.