Omi Àlùwàlá Lórí Ebè Káktọ́ọ̀sì

Kì í ṣe òjò ló pa káktọ́ọ̀sì mi o. Mo ti rí sí ọ̀rọ̀ òjò. Nígbà tí mo ṣe ebè fún wọn níwájú ilé wa ní Bódìjà, iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ni mo kó sí i kí omi má baà dúró. Mo fi búlọ́ọ̀kù yí i ká, mo sì kan páànù bò ó lókè. Igi ẹlẹ́gùn-ún yìí kì í fẹ́ omi púpọ̀ nídìí. Bó bá pọ̀ jù, gbòǹgbò rẹ̀ á rà. Èyí tó ga jù nínú wọn ti ga jù mí lọ, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rudi fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́hun fún kò ju kí òdòdó náà là lójú mi.

Àfi bí ìyá ọkọ mi, Àlàájà Àmúdàtù, ṣe dé láti Ìsẹ́yìn. Orúnkún ń dùn wọ́n, wọ́n fẹ́ gba ìtọ́jú lọ́dọ̀ wa. Nínú gbogbo ilé, orí búlọ́ọ̀kù ebè mi, lábẹ́ páànù mi, ló wù wọ́n láti máa jókòó ṣe àlùwàlá. Ìrun márùn-ún, kẹ́tùrù márùn-ún, gbogbo rẹ̀ sórí káktọ́ọ̀sì.

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbé àga sí ẹ̀yìnkùlé fún yín."

"Rárá o, ìyàwó mi. Láádá ni kéèyàn fún ohun ẹlẹ́mìí lómi. Ṣé o ò rí bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ wọ́n ni? Wọn ò tiẹ̀ léwé mọ́."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìyàwó ilé wo ló máa kọ omi fún ìyá ọkọ rẹ̀? Mo lọ bá Rasheed, ọkọ mi, pé kó bá mi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Nímọ́tà, nítorí òdòdó?" Kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù.

Òdòdó! Ẹni tí kì í jẹ́ kí n gbé ife lé orí mọ́tò òun ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Mo tún da iyanrìn gbígbẹ sí ebè náà. Màmá ní eruku ti bo àwọn igi ọ̀hún lára, wọ́n pọn omi sí i láti fi ṣan án kúrò.

Ní Sátidé kan, mo ti ọjà dé, mo bá igi gíga yẹn nílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, ìrudi náà sì ti fọ́ mọ́ símẹ́ńtì. Màmá dúró tì í pẹ̀lú kẹ́tùrù lọ́wọ́.

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Òùngbẹ ló pa á."

Ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu mi. "Omi yín ló pa á, Màmá! Omi yín ni!"

Wọ́n gbé kẹ́tùrù sílẹ̀. Wọ́n rọra wọlé.

Láti ọjọ́ náà, inú bálùwẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá. Iyanrìn mi gbẹ dáadáa, bí mo ṣe fẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ wọn láti ilé ìdáná bí wọ́n ṣe ń tiraka láti gbé ẹsẹ̀ sókè, tí wọ́n ń kérora, "Yéè, Ọlọ́hun mi." Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé gíga búlọ́ọ̀kù yẹn ló bá orúnkún wọn mu. Wọn ò sì bínú sí mi o. Wọ́n ṣì ń kí mi kú iṣẹ́ tí mo bá ti ọ́fíìsì dé. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.

Nígbà tó sú mi, mo wú gbogbo àwọn tó kù, mo gbìn wọ́n sínú ìkòkò, mo kó wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gún gún mi lọ́wọ́, mo sì ń kùn bí mo ṣe ń ṣe é. Mo kó ilẹ̀dú sí ebè náà, mo gbin ewúro sí i.

"Màmá, ẹ wá bá mi bomi rin ewúro."

Wọ́n jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ṣe àlùwàlá. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n wò mí.

"Mo máa ń rí ọ láràárọ̀ tó o bá dúró ti àwọn igi yẹn kó o tó lọ síbi iṣẹ́. Mo rí i pé o fẹ́ràn wọn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí òùngbẹ gbẹ wọ́n lọ́jọ́ kan."

Inú tún bí mi, àmọ́ mi ò rí ẹni tí mo lè bínú sí.